Omi Inú Dúrọ́ọ̀mù Búlúù: Bí Ọlọ́run Ṣe Yọ Mí Nínú Ẹ̀sùn Ìpànìyàn

Allahu Akbar! Ẹ ò tíì dá mi lóhùn tó. Allahu Akbar! Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ bá mi gbé Ọba náà ga. Wọ́n fi irọ́ yí mi ká, Ó fi òótọ́ yọ mí jáde! Alihamudulilahi! Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Orúkọ mi ni Sàlámọ̀. Ìyá Rìsì ni àwọn tó mọ̀ mí níbí ń pè mí. Ẹ máa ń rí mi ní ọjọ́ àsàlátù, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni mo máa ń jókòó sí, n kì í sọ̀rọ̀. Àlùfáà wa ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní, "Ìyá Rìsì, oore tí Ọlọ́run ṣe fún ọ, ṣé o fẹ́ gbé e mì ni?" Ojú tì mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde.

Ọ̀rọ̀ náà ti ṣe díẹ̀. Ìgbà tí sójà ń ṣèjọba ni, nígbà tí àwọn ọ̀gá ńlá tó ti fẹ̀yìn tì ń gba ilẹ̀ kiri, tí wọ́n ń dá oko tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Abúlé wa wà lápá Afọ́n. Ilẹ̀ wa ti ṣá, ohun tí a bá gbìn, ràrà ni í rí. Nítorí náà, bí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, èmi àti ọkọ mi, Múmíní, a ó fi Rìsì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi, a ó bá àwọn lébírà lọ sí oko ńlá kan lẹ́yìn Ìlọrin. Oko ẹ̀wà àti àgbàdo ni. Ibẹ̀ la ó wà títí ìkórè yóò fi parí, ká tó padà sílé. Yorùbá wà nínú wa, Tápà wà, Bàrùbá wà. Àwọn ọkùnrin ń roko, wọ́n ń gbé pọ́ọ̀mpù oògùn kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń fọ́n ọn sí ẹ̀wà. Èmi ni mo ń dáná fún gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń gbé níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Abẹ́ páànù kan la ń sùn, tọkùnrin tobìnrin, aṣọ la fi pààlà. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń fọ́n oògùn. Bí atẹ́gùn bá dà á padà, wọ́n á kàn fi apá nu ojú. Ẹni tó bá ṣàìsàn, ara rẹ̀ ló máa tọ́jú. Ọkùnrin tó ń bójú tó oko fún olóko, Máníjà là ń pè é; fọ́mánì tó ń darí àwọn lébírà wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn tó ń pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń sọ ọ̀rọ̀ burúkú. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá ṣàròyé, á ní, "Ọ̀nà ò dí. Àwọn tó fẹ́ wá síbí pọ̀ lójú títì." Kí la fẹ́ ṣe? A ó pa ẹnu mọ́.

Ọ̀gbẹlẹ̀ bọ́ sí àárín òjò lọ́dún yẹn. Odò tí à ń pọn lẹ́bàá àgọ́ kù díẹ̀, omi tí mo ń fi dáná nìkan ló tó. Oko tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ sí nígbà náà sì jìnnà. Máníjà wá ní kí Gàníyù, ọmọkùnrin tó ń wa katakata, máa lọ fa omi wá láti ibi tó jìn, kó máa gbé e lọ bá wọn lóko.

Èmi ń gbààwẹ̀ ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí. Mò ń san àwẹ̀ Ràmàdáànì tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí ara mi ò yá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àwẹ̀ yìí sọ́kàn. Àwẹ̀ tí mo gbà nítorí Ọlọ́run, òun ni wọ́n fẹ́ fi so mí kọ́.

Mo ro tùwó, mo se ọbẹ̀ lúrú, mo gbé e lọ sóko. Àwọn kan jẹun, àwọn kan ṣì wà nínú ebè. Mo ń kó abọ́ jọ nígbà tí mo gbọ́ igbe. Sábì ni mo kọ́kọ́ rí. Ọmọ Bàrùbá ni, àbúrò Wóòrù tí òun náà ń ṣe lébírà pẹ̀lú wa. Ó ṣubú sẹ́bàá dúrọ́ọ̀mù omi, itọ́ ń ho lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ẹlòmíràn tún jókòó, omi ń dà lójú rẹ̀ bí ẹni tó ń sunkún, kò sì sunkún. Mo yí ojú padà, mo rí ọkọ mi. Múmíní ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi bí ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ kò mu nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Rìsì, n kò rí ọ dáadáa mọ́." Ó wó lé mi lọ́wọ́.

Yáà Rábí! Mo kígbe. Mo sáré lọ bá Máníjà. Pikọ́ọ̀pù oko wà níwájú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ gbà mí, sà! Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù!"

Ó ní, "Olóko ń bọ̀ lónìí. Pikọ́ọ̀pù yìí ni mo máa fi lọ pàdé wọn. Ibà ni. Ẹ gbé wọn síbi tútù."

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Gàníyù ló gbà wá. Ọlọ́run má gbàgbé rẹ̀. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó so tìrélà mọ́ katakata, a kó àwọn aláìsàn sínú rẹ̀ bí ẹní kó iṣu, ó gbé wa dé ojú ọ̀nà ọ̀dà. Lọ́rí kan tó kó ẹ̀gẹ́ ló dúró fún wa níbẹ̀, òun ló gbé wa dé ọsibítù ìjọba ní Ìlọrin. Orí Múmíní wà lórí itan mi ní gbogbo ọ̀nà. Mò ń ka Áyátùl Kúrísíyù sí i létí, n kò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́.

Dókítà obìnrin kan ló jáde sí wa, ọmọdé lójú, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú Sábì, ó wo ti Múmíní, ó ní, "Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

Mo ní, "Oko ni, dókítà. Lébírà ni wá."

Ó ní, "Ẹyinjú gbogbo wọn ti kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Ibà kọ́ nìyí. Oògùn kòkòrò ló wọ inú wọn." Ó pe àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn lábẹ́rẹ́. Mo ní Alihamudulilahi, ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n ti dé.

Ha! Ẹ̀yin èèyàn, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ láti fi gba ẹ̀mí wọn là ni ẹlòmíràn máa fi gbẹ́ ọ̀fìn fún mi.

Kò pẹ́ tí Máníjà fi dé, òun àti ọlọ́pàá, sájẹ́ǹtì kan. Àṣé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló gbé pikọ́ọ̀pù lọ. Ó gbọ́ ohun tí dókítà wí. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yẹn sọ pé, "Sájẹ́ǹtì, yàrá oògùn wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná. Obìnrin tó ń dáná nìyí."

Sájẹ́ǹtì kọjú sí mi. "Ìwọ lo se oúnjẹ tí wọ́n jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ náà jẹ nínú rẹ̀?"

"Rárá, sà. Mò ń gbààwẹ̀."

"Àwẹ̀ wo? Ràmàdáànì ti lọ tipẹ́."

Mo ní àwẹ̀ tí mo jẹ ni mò ń san. Gbogbo èèyàn inú wọ́ọ̀dù ń wò mí. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wọlé, Alájì tó ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọba. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n rí àbúrò wọn níbi tó ti ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní, "Sàlámọ̀, kí ni Múmíní ṣe fún ọ?"

Mo ní, "Alájì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ mi fún un."

Wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ohun tó dùn mí tó ẹ̀yìn Alájì yẹn. Kódà ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi dè mí lọ́wọ́ kò dùn mí tó o.

Wọ́n gbé mi lọ sí tésàn. Wọ́n tì mí mọ́lé. Nígbà tí oòrùn wọ̀, mo gbọ́ ìpè mọ̀gáríbì láti mọ́sálásí kan nítòsí, n kò ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣínu. Ọlọ́pàá obìnrin kan, Kristẹni ni, ó ní àgbélébùú kékeré lọ́rùn, ó gbé kọ́ọ̀bù omi gba àárín irin wá. Ó ní, "Mámà, ẹ ṣínu. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣe é, Ọlọ́run mọ̀. Bí kò bá sì jẹ́ ẹ̀yin, Ọlọ́run mọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú. Ọlọ́run mọ̀. Mo ń tún un wí bí ẹni tó ń fa tẹ̀sùbáà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, sájẹ́ǹtì mú mi jáde sí kántà. Ojú rẹ̀ ti yí padà sí burúkú. Ó ní, "Ọ̀kan ti kú. Ọ̀rọ̀ ìpànìyàn ló dà báyìí. Jẹ́wọ́, kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Mo ní, "Ta ló kú?" Mo rò pé Múmíní ni.

Ó ní, "Bàrùbá kan. Sábì."

Inná lilahi. Sábì! Ọmọ tó máa ń bá mi gé igi ìdáná láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Mo sunkún, sájẹ́ǹtì ní ẹkún ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Ó ní àfi tí mo bá sọ ẹni tó bẹ̀ mí lọ́wẹ̀. Ó ní wọ́n máa gbé mi lọ sí kóòtù, àti pé láti kóòtù, ó di ẹ̀wọ̀n, ibi tó bá sì gbà láti ibẹ̀, ó di ọwọ́ mi. Mo ní, "Sà, n kò pa ẹnikẹ́ni." Ó ní, "Gbogbo wọn ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹni tó wọlé sí tésàn lẹ́yìn náà, Wóòrù ni, ẹ̀gbọ́n Sábì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin àbúrò rẹ̀ ni, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lórúnkún rẹ̀. Òun náà mu nínú omi yẹn, àmọ́ tirẹ̀ kò pọ̀, ó ti lè dìde. Mo bo ojú mi. Mo ní ọkùnrin yìí máa lù mí pa lónìí, n kò sì ní dá a lẹ́bi.

Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀. Ó dúró níwájú kántà, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ìyá yìí, ó bọ́ wa. Kò pa wá."

Sájẹ́ǹtì ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ó ní, "Sábì kò jẹun. Sábì mu omi."

Allahu Akbar! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí ọkùnrin yẹn! Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí wọ́n fi ẹni tó lè di ẹ̀bi náà rù lé e lọ́wọ́, ó ní rárá, òótọ́ ni mo fẹ́.

Sájẹ́ǹtì kọ̀wé díẹ̀, àmọ́ kò tú mi sílẹ̀. Ó ní ẹnu ẹnìkan kò tó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Alájì wọlé. Wọn ò lè wo ojú mi. Wọ́n ní, "Sàlámọ̀, Múmíní ti lajú." Mo pariwo! Alihamudulilahi! Gbogbo tésàn gbọ́ mi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Omi yẹn ń rùn. A sọ fún fọ́mánì, ó ní ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kì í gbóòórùn. Ìyàwó mi ńkọ́? Ṣé kò mu ún?" Alájì dọ̀bálẹ̀ fún mi, bí wọ́n ṣe tó yẹn! Mo ní, "Ẹ dìde, Alájì, ẹ dìde, ẹrù wo ni mo tún fẹ́ gbé sọ́rùn?" Wọ́n ní, "Forí jì mí." Mo ní kò sí nǹkan kan.

Ṣé ẹ rò pé ó parí? Kò tíì parí o. Sájẹ́ǹtì lọ sóko láti lọ wo ohun tí wọ́n fi gbé omi. Ó padà dé, ó ní Máníjà fi táǹkì onírin han òun, ó mọ́ tónítóní, ó ní inú rẹ̀ ni lébírà ti ń mumi láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Fọ́mánì jẹ́rìí sí i. Wọ́n bi Gàníyù tó ń wa katakata, Gàníyù wo ilẹ̀, ó ní òun ò mọ nǹkan kan.

Gàníyù! Ẹni tó gbé wa jáde! Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní, Ọlọ́run, bí ẹni rere bá ti ń bẹ̀rù, ta ló kù? Sájẹ́ǹtì ní ní ọjọ́ Ajé wọ́n máa gbé mi lọ sí kóòtù. Mo ránṣẹ́ sí ìyá mi pé kí wọ́n máa tọ́jú Rìsì. Mo ti ń bá ayé mi dágbére.

Ọjọ́ Ajé náà pé. Wọ́n ti mú mi jáde síta, a ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé mi. Mo gbọ́ ariwo láti òde. Àwọn mọ́tò ń fọn fèrè, àwọn èèyàn ń bú ẹnìkan pé, "Ṣé orí ẹ dàrú ni? Katakata láàárín ìgboro?" Mo gbé ojú sókè. Gàníyù ni! Ó gbé katakata gba Post Office láàárín Ìlọrin, ní ọ̀sán gangan, ó so tìrélà mọ́ ọn, ó wọ ọgbà tésàn. Àwọn dúrọ́ọ̀mù búlúù ńlá ló wà nínú tìrélà náà, yẹ̀pẹ̀ pupa bò wọ́n látòkè délẹ̀.

Ó sọ̀kalẹ̀. Aṣọ rẹ̀ rin gbindin fún òógùn. Sájẹ́ǹtì ní, "Kí nìyí?"

Ó ní, "Dúrọ́ọ̀mù omi ni, sà. Èyí tí mo fi gbé omi fún wọn. Inú ẹ̀ ni oògùn ẹ̀wà wà tẹ́lẹ̀. Máníjà ní kí n fi iyanrìn ṣàn án, kí n fi pọnmi. Èmi náà bi í, ó ní kò léwu."

"O sọ fún mi pé o ò mọ nǹkan kan."

Gàníyù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, géńdé ọkùnrin. Ó ní, "Máníjà ní kí n sin àwọn dúrọ́ọ̀mù náà. Mo sin wọ́n. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́. Mo tún hú wọn."

Sájẹ́ǹtì ṣí ọ̀kan. Òórùn náà gba gbogbo ọgbà, ọlọ́pàá obìnrin tó fún mi lómi fi ọwọ́ bo imú. Wọ́n fi omi fọ yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, àwòrán agbárí òkú, àmì májèlé, yọ síta. Sájẹ́ǹtì wò ó títí. Ó yí sí mi, ó fúnra rẹ̀ ṣí irin ọwọ́ mi. Ó ní, "Mámà, ẹ máa lọ sílé."

Allahu Akbar! Allahu Akbar! Ibi tí mo wà ni mo ti wólẹ̀, mo fi iwájú orí kan ilẹ̀ ọgbà ọlọ́pàá. Ọba tó ń mú ohun tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ jáde, ta ló tún dà bí Rẹ? Mo dúpẹ́! Mo dúpẹ́! Mo dúpẹ́!

Ara Múmíní yá. Ó wà láàárín àwọn ọkùnrin lọ́hùn-ún yẹn, ẹ lè bi í. Ọwọ́ rẹ̀ òsì ṣì máa ń gbọ̀n nígbà míì, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Àwọn yòókù náà jí dìde, àfi Sábì.

Nígbà tí wọ́n padà sóko, wọn ò wọlé. Ẹnu géètì ni gbogbo wọn jókòó sí, Tápà, Bàrùbá, Yorùbá, ẹ̀wà ń gbó lórí igi, ẹnikẹ́ni ò ká a. Olóko fúnra rẹ̀ wá. Wóòrù ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ó ní, "A fẹ́ kànga. A fẹ́ ọkọ̀ fún aláìsàn. Ẹni tó bá gbé oògùn, kó wọ bàtà, kó bo ẹnu." Olóko ní lébírà tó ń wá tó ń lọ kò lè máa pàṣẹ fún òun. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, dókítà obìnrin yẹn ló lọ pè é wá. Ọkùnrin náà ní, "Alàgbà, bó jẹ́ ìkórè kan ló fẹ́ ṣe fún yín, òṣìṣẹ́ yín ni. Omi tó mọ́ kì í ṣe oore tí ẹ ń ṣe fún un. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni." Wọ́n gbẹ́ kànga náà. Wọ́n ra bàtà. Wọ́n lé Gàníyù kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ Alájì wá ibi tó ń wa mọ́tò fún un. Ní ti Máníjà, n kò ní parọ́ nínú ẹ̀rí: wọ́n mú un, wọ́n tún dá a sílẹ̀, mo gbọ́ pé ó wà ní oko mìíràn. Mo ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú fìtínà lónìí, ẹ̀yin tí wọ́n ń purọ́ mọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rù gba "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́nu yín fún ohun tí ẹ ò ṣe. Ẹ di òtítọ́ yín mú. Olúwa ní ẹni tí yóò rán, ó lè jẹ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè yín, ó lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lọ ṣe lébírà nílẹ̀ onílẹ̀, ẹ sọ fún un pé bí omi bá ń rùn, kó má mu ún, kó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Àti ẹ̀yin tí ẹ lóko tí ẹ ń gba lébírà, mo rí yín níbí, ẹ jọ̀ọ́, omi tí ẹ ò lè fún ọmọ yín, ẹ má fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ọlọ́run, mo dúpẹ́ ẹ̀mí mi, mo dúpẹ́ ti ọkọ mi. Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi. Kí n tó jókòó, mo ń bẹ̀bẹ̀ ohun kan. Sábì kò ní ẹbí kankan níbí tó lè dìde sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa ka Fátíà fún un.